Bí a ṣe ń fi OpenCPN tukọ̀ lórí Odò Ọya: láptọ́ọ̀pù, GPS àti máàpù tí a fọwọ́ ara wa ṣe

Ẹni tó bá gbé OpenCPN, sọ́fúwià tó ń fi ọ̀nà orí omi han atukọ̀, sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nílùú Ìlọrin, tó ṣí i, tó sì wá Jẹ́bà lórí rẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni yóò rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé nǹkan ti bàjẹ́, wọn á sì yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Sọ́fúwià náà dára, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ kì í gbé máàpù odò wá. Àwòrán ayé ṣákálá kan ló bá a wá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tukọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń rí máàpù omi tiwọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ NOAA, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó òkun àti ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n máàpù ọ̀hún kò dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Jẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ dé Pátígí, a óò fọwọ́ ara wa ṣe tiwa ni. Ohun mẹ́ta la óò tò léra: àwòrán sátẹ́láìtì nísàlẹ̀, ipa ọ̀nà atukọ̀ tó mọ odò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà àmì gbogbo ewu tí a fojú rí. Èyí tó wà láàárín yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù.

Gbígbé e sórí láptọ́ọ̀pù

Ẹ lọ sí opencpn.org, ẹ tẹ Download, kí ẹ mú èyí tó bá láptọ́ọ̀pù yín mu: Windows, macOS tàbí Linux. Ẹ ṣe é nílé tàbí níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, nítorí tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lórí omi. Láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ lè gbé e dáadáa. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ní ni bátìrì tó ṣì ń gbé iná dúró, ojú tó mọ́lẹ̀ gidi, àti ihò USB méjì tí kò gbọ̀n.

Tó bá ti ṣí, ẹ wọ Options, lẹ́yìn náà Display, lẹ́yìn náà Units. Ẹ yí ọ̀nà jíjìn sí kìlómítà, kí ẹ yí eré sí kìlómítà ní wákàtí kan, nítorí ohun tí àwa ń kà lójoojúmọ́ nìyẹn. Máìlì orí omi gùn ju máìlì ojú ọ̀nà lọ: mítà 1,852 ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ṣi epo bẹ́ńsù rà.

Ibẹ̀ náà lẹ óò ti yan bí wọn yóò ṣe máa kọ nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà, ẹ má sì yára kọjá níbẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan fi nọ́ńbà 9.1425 ránṣẹ́ sí yín láti orí fóònù, ìyẹn ìwọ̀n àríwá tó sún mọ́ dáàmù Jẹ́bà. Ìdá ìwọ̀n kan ni .1425 tó wà lẹ́yìn àmì yẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú: 0.1425 lọ́nà 60 jẹ́ 8.55, nítorí náà 9°08.55′ ni. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ bí 9°14.25′ ti fi ìṣẹ́jú 5.7 ṣìnà, ìyẹn sì ju kìlómítà 10 lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa gbà kọ ọ́. Èyí tó rọrùn jù ni ti nọ́ńbà tó ní àmì lẹ́yìn, torí òun ni fóònù ń lò.

Máàpù: àwòrán sátẹ́láìtì tí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá bí wọn yóò ṣe wa àwòrán Google jáde. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ náà kò gba kí wọ́n kó o jáde bẹ́ẹ̀. Ìdí kejì tilẹ̀ kan atukọ̀ jù: àwòrán oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ti ìgbà tí omi kún ni tàbí ti ìgbà tí omi fà. Lórí odò oníyanrìn bíi Ọya, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ṣe pàtàkì tó àwòrán fúnra rẹ̀.

Sentinel-2 la óò lò, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán rẹ̀, ó máa ń padà wá ya ibì kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ 5 síra wọn, àmì kéékèèké (pixel) kọ̀ọ̀kan lójú àwòrán náà sì jẹ́ mítà 10 lójú ilẹ̀. Ẹ lọ sí Copernicus Browser, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ wá Jẹ́bà. Ẹ yan Sentinel-2 L2A, kí ẹ sì dín ìwọ̀n kùrukùru kù. Nígbà òjò, ìkuukùu máa ń bo odò lọ́pọ̀ ọjọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń sọ ọ́ di bàìbàì, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó yan èyí tó mọ́.

Ẹ má mú àwòrán aláwọ̀ lásán nìkan. Èyí tí wọ́n pè ní False Color ló ń la odò yékéyéké, nítorí omi máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò rí mì. Omi á dúdú kirikiri, yanrìn á funfun, koríko àti igi á pupa. Òkìtì yanrìn tó jọ omi nínú àwòrán lásán máa ń yọ síta gbangba níbẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ méjì: ọ̀kan ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, tí yanrìn ti yọ, ọ̀kan ní oṣù Kẹwàá tàbí nígbàkigbà tí omi kún tí ojú ọ̀run sì mọ́. Ti òpin ẹ̀ẹ̀rùn lẹ óò máa fi tukọ̀. Ti oṣù Kẹwàá wà fún rírí ibi tí omi bò, kí ẹ má bàa wa ọkọ̀ gba orí oko ẹlòmíràn, tí ẹ óò sì fi ẹ́ńjìnì ha kùkùté.

Ẹ ya àpótí sí àyíká apá odò tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Download, ẹ lọ sí Analytical, kí ẹ yan TIFF. Ó máa ń kọ ìwọ̀n tí àwòrán náà yóò jáde sí síbẹ̀. Tó bá ti ju mítà 10 lọ, àpótí yín ti tóbi jù. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Jẹ́bà sí Pátígí lọ́nà tààrà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 110, nítorí náà ègé bíi mélòó kan ni yóò jẹ́.

Ó kù kí a sọ TIFF yẹn di fáìlì MBTiles tí OpenCPN lè kà. QGIS, sọ́fúwià tí wọ́n fi ń ṣe máàpù, ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà:

1. Ẹ wọ́ gbogbo ègé àwòrán ọjọ́ kan náà sínú QGIS lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
2. Ẹ ṣí Processing Toolbox, ẹ tẹ MBTiles sí ibi ìwákiri, kí ẹ mú Generate XYZ tiles (MBTiles).
3. Ní Extent, ẹ yan gbogbo ibi tí àwòrán dé.
4. Minimum zoom, 8. Maximum zoom, 14. Ẹ má kọjá 14: níbẹ̀, pixel kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 9.5 tàbí kó dín díẹ̀, ó sì ti bá mítà 10 ti Sentinel dọ́gba. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kàn ń sọ fáìlì di ńlá ni, kò fi ohun kankan kún un.
5. Ẹ fi ọjọ́ sí orúkọ fáìlì, bíi Jebba_2025_03.mbtiles.

Ẹ kó fáìlì náà sínú fódà tirẹ̀. Nínú OpenCPN, ẹ wọ Options, Charts, Chart Files, ẹ tẹ Add Directory, kí ẹ mú fódà náà, lẹ́yìn náà Apply. Tí kò bá yọ, ẹ lọ wo Display, Advanced, bóyá OpenGL wà ní títàn, torí láìsí i, MBTiles kì í hàn. Tí ẹ bá fi fáìlì tuntun rọ́pò èyí tó jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ sọ fún un kó tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀; Force full database rebuild lorúkọ ibi tí ẹ óò fàmì sí.

Kí ẹ tó gbé e dé omi, ẹ dán an wò lórí ilẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti GPS lọ síbi dáàmù Àsà, ní Ìlọrin níbí, kí ẹ rìn lórí ògiri dáàmù náà. Àmì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn lórí ògiri náà nínú àwòrán. Tó bá wà nínú omi, tí ẹ̀yin sì wà lórí ilẹ̀, àwòrán yẹn ti yẹ̀ kúrò ní ipò, ẹ padà sídìí QGIS. Ẹ má fi afárá ojú irin Jẹ́bà dán an wò: irin tó yí i ká máa ń dá ìró sátẹ́láìtì padà, GPS á máa fò kiri.

GPS

GPS oníwáyà USB ló ṣeé fọkàn tán jù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ní u-blox nínú, tó sábà máa ń sọ̀rọ̀ ní 9600, àti BU-353S4, tó ń sọ̀rọ̀ ní 4800. Ẹ ki GPS bọ ihò USB, ẹ ṣí Device Manager lórí Windows, kí ẹ wo Ports (COM & LPT) fún nọ́ńbà rẹ̀, bíi COM4. Nínú OpenCPN, ẹ wọ Options, Connections, Add Connection, ẹ yan Serial, ẹ mú nọ́ńbà COM yẹn, ẹ fi Baudrate, ìyẹn eré tí GPS fi ń sọ̀rọ̀, sí iye tó yẹ (9600 tàbí 4800), kí ẹ tẹ Apply. Ẹ fi téèpù sàmì sí ihò USB tí ẹ lò, torí ihò mìíràn lè fún un ní nọ́ńbà COM mìíràn, àmì ọkọ̀ á sì máa wà ní eérú láìsí ìdí tí ẹ rí.

Ẹ tún ṣí fèrèsé tí NMEA, èdè tí GPS fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ti ń kọjá. NMEA Debug ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Data Monitor ni ní ẹ̀dà tuntun. Ìlà bí èyí ni ẹ ń wá:

$GPRMC,081530,A,0908.55,N,00447.32,E,…

Lẹ́tà tó tẹ̀lé aago ni kí ojú yín wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà A túmọ̀ sí pé GPS mọ ibi tó wà. Lẹ́tà V túmọ̀ sí pé kò tíì mọ̀. Ẹ gbé e jáde kúrò lábẹ́ páànù, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì jágbajàgba ló ń jáde, Baudrate ni kò bá a mu. Tí ohunkóhun kò bá jáde rárá, nọ́ńbà COM lẹ ṣì, tàbí sọ́fúwià mìíràn ti gbà á mọ́ra. Ẹyọ kan péré ló lè di ihò COM kan mú. Bí àmì máòsì bá ń sá kiri lójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, Windows ti fi GPS pe máòsì, ẹ óò rí Microsoft Serial BallPoint nínú Device Manager. Ẹ pa á níbẹ̀, kí ẹ sì máa tan láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó ki GPS bọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò ní GPS USB lè lo fóònù Android pẹ̀lú áàpù tó ń fi NMEA ránṣẹ́. Ẹ tan hotspot lórí fóònù, kí láptọ́ọ̀pù so mọ́ ọn, kí áàpù náà máa rán ọ̀rọ̀ sí nọ́ńbà IP láptọ́ọ̀pù ní ẹnu ọ̀nà (port) 10110 lórí UDP. Nínú Connections, ẹ yan Network, UDP, 10110. Tí Windows bá béèrè bóyá kí ó jẹ́ kó wọlé, ẹ gbà fún un. Ẹni tó kọ̀ fún un níbẹ̀ á máa wá àṣìṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bátìrì fóònù máa ń tètè tán lórí iṣẹ́ yìí.

Ipa ọ̀nà ẹni tó mọ odò

Àwòrán sátẹ́láìtì ń fi etí omi hàn yín. Kò mọ bí omi ṣe jìn tó, kò sì rí àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni atukọ̀ Nupe tó ti ń gba ibẹ̀ láti kékeré. Nítorí náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ẹ sanwó rẹ̀, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan Track lójú OpenCPN kó máa kọ ọ̀nà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìbéèrè ni kí ẹ máa bi í: «Bàbá, ibo lẹ máa ń gbà bí omi bá fà?» «Kí ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?» Níbikíbi tó bá nawọ́ sí, tí ọkọ̀ sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+O, yóò fi àmì sí ibi tí ọkọ̀ wà lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wí sínú àmì náà: àpáta, lápá ọ̀tún bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí 15 m. Tó bá jẹ́ ibi tí ẹ kò dé, Ctrl+M ń fi àmì sí ibi tí ẹ tọ́ máòsì sí lórí àwòrán.

Ìtì igi abẹ́ omi ni kí ẹ fi àmì tó pọ̀ jù sí. Ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó kó èrò ìgbéyàwó dànù lágbègbè Pátígí, tí èèyàn tó lé ní 100 sì kú, ohun tí ìròyìn gbé jáde ni pé ìtì igi tí omi bò ni ọkọ̀ náà gbá, lóru. Igi bẹ́ẹ̀ máa ń ṣípò lẹ́yìn ìkún omi, torí náà ẹ fi ọjọ́ sí àmì rẹ̀, kí ẹ sì pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́ bí atukọ̀ bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Òru kì í ṣe ìgbà tí láptọ́ọ̀pù ń gba èèyàn là lórí odò yìí: kò rí igi.

Tí ẹ bá padà délé, ẹ ṣí Route & Mark Manager, ẹ mú Track ọjọ́ náà, kí ẹ sọ ọ́ di Route, ìyẹn ipa ọ̀nà tí ẹ óò máa tẹ̀lé. Ẹ fẹ àwòrán dáadáa, kí ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan ní igun odò. Bí ẹ bá fi àmì tó kéré jù sí igun, ìlà tààrà á gé orí yanrìn kọjá. Ẹ fi àmì kún un.

Lẹ́yìn èyí ẹ yí ohun kan padà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. OpenCPN máa ń gbà pé ẹ ti dé ibi àmì kan bí ẹ bá ti sún mọ́ ọn tó 0.05 máìlì orí omi, ìyẹn nǹkan bí mítà 93. Lórí òkun, kò burú. Lórí apá odò tó há, ó túmọ̀ sí pé yóò ti ní kí ẹ yà kí ẹ tó dé igun. Ẹ wọ Options, Ships, Routes/Points, kí ẹ dín in sí 0.015, nǹkan bí mítà 28. Ẹ má dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ: GPS lè fi mítà bíi mélòó kan yẹ̀, àwòrán náà lè fi mítà 10 yẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ọkọ̀ ń kọjá láìjẹ́ pé sọ́fúwià gbà pé ó ti dé.

Ẹ tún ro ìṣàn omi mọ́ eré. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan lórí omi tó dúró, bí omi bá ń ṣàn ní 4, á máa sá 19 bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, 11 péré bó bá ń gòkè bọ̀. Ìrìn kìlómítà 60 á gbà á ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10 lálọ, wákàtí 5 àti ààbọ̀ lábọ̀. Ẹni tó fi epo lílọ díwọ̀n ti bíbọ̀ kò ní padà délé. Nínú Route Properties, ẹ kọ 19 fún lílọ, ẹ kọ 11 fún bíbọ̀, aago tó máa gbé jáde á wá bá òótọ́ mu.

Dáàmù ló ń pinnu bí omi ṣe ga tó lápá ibẹ̀. Jẹ́bà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, àti Kainji tó wà lókè rẹ̀, ló ń dá omi dúró tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀, nítorí náà omi lè gòkè lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n fẹ́ tú omi, ipa ọ̀nà ẹ̀ẹ̀rùn yín ṣì dára, àmọ́ yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní hàn sójú mọ́. Ẹ má torí pé omi tẹ́ rẹrẹ kúrò lójú ipa náà.

Ctrl+Space ni kí gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù mọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí èèyàn bá já sómi, tẹ̀ ẹ́ kíá: ó ń fi àmì sí ibi tí ó já sí, ó sì ń tọ́ka yín padà síbẹ̀. Àmọ́ omi ń gbé onítọ̀hún lọ. Bí odò bá ń ṣàn ní mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 5 ti gbé e dé 300 m sísàlẹ̀. Láti ibi àmì náà sísàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa wá a. Kí gbogbo èrò sì ti wọ ẹ̀wù ìléfòó láti èbúté.

Iná, oòrùn àti omi

Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 30 á máa fa nǹkan bí 3A lára bátìrì 12V, tí a bá ro ohun tí ínfátà ń jẹ mọ́ ọn. Bátìrì 75Ah tí ẹ kò fẹ́ bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò, nǹkan bí 37Ah, ìyẹn wákàtí 12. Ẹ má so ínfátà mọ́ bátìrì tí ẹ́ńjìnì fi ń tanná láìní òmíràn.

Ẹ pa ìsinmi Windows, kó má sùn. Ẹ pa USB selective suspend nínú Power Options pẹ̀lú, torí òun ló ń pa GPS lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe gbogbo ìmúdójúìwọ̀n Windows nílé. Nínú oòrùn ọ̀sán, àpótí pákó tí ẹ kun dúdú nínú, tó ṣí níwájú, ń ran ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ju kí ẹ máa fi iná rẹ̀ sókè lọ. Ẹ má fi ọ̀rá wé láptọ́ọ̀pù pátápátá, ooru á pa á kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá lójú bọ́tìnì nìkan ti tó, kí ihò fáànù sì ṣí sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Route & Mark Manager, kí ẹ fi Export kó ipa ọ̀nà àti àmì jáde bíi fáìlì GPX. Ẹ fi ọjọ́ àti bí omi ṣe rí sí orúkọ rẹ̀, bíi Jebba-Patigi_2025-03_omi-fa.gpx. Ẹ fi ọ̀kan sí fóònù, ọ̀kan sí fíláàṣì. OpenCPN orí Android náà ń ka GPX, nítorí náà bí láptọ́ọ̀pù bá rì, ọ̀nà kò bá a rì. Ẹ fún atukọ̀ tí ẹ bá rìn ní ẹ̀dà tirẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ló ni ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀.